Róòsì tí a gbìn nínú ọyẹ́

Lọ́dọọdún, bó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi láti Èkó àti Àbújá. Ẹ ó rí wọn ní Kábà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà, títí dé Ẹ̀gbẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìrẹsì á wà nínú bùútù, jẹnẹrétọ̀ á wà níbẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé parí ni, fúláwà mẹ́ta mẹ́rin inú ọ̀rá dúdú tó dúró rà lẹ́bàá títì ní Lọ́kọ́ja á wà nínú ẹrù náà. Kó tó di ogúnjọ́ oṣù, wọ́n á ti gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Wọ́n á ya fọ́tò níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Ọdún tuntun á wọlé, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó ń bá wọn ṣọ́lé, wọ́n á lọ. Bí wọ́n bá fi máa padà wá ṣe ìnáwó lásìkò Àjíǹde, igi gbígbẹ ni wọ́n á bá.

"Ọwọ́ mi kì í mú fúláwà ni," ni wọ́n máa ń wí.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó gbin kòkó tí kòkó rẹ̀ yè, tó gbin ọsàn tí ọsàn rẹ̀ ń so. Irú ọwọ́ wo ló mú kòkó tí kò wá mú òdòdó? Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ oṣù ni, àti ọ̀rọ̀ omi, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú tí a sanwó rẹ̀.

Èmi náà ti wà lára wọn rí. Róòsì mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rà láyé mi, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ni mo sì gbìn wọ́n. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan tán kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, tòun ti ẹ̀gún. (Ẹni tó bá ní ewúrẹ́ ń bẹ̀rù ẹ̀gún róòsì kò tíì sin ewúrẹ́ rí.) Ìkejì gbẹ. Ìkẹta yè, ó sì ga jù mí lọ, àmọ́ òdòdó pupa ńlá tí mo rà di òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tó ṣù jọ bí ẹyin aláǹtakùn. N ó padà sórí ìkẹta yìí, torí òun ló là mí lójú jù lọ.

Èwo gan-an ni róòsì?

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ rú. Igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní róòsì ládùúgbò wa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bá ara wọn tan.

Àkọ́kọ́ ni hibiscus, èyí tí ewé rẹ̀ ń dán, tí òdòdó rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí ohun kan bí ahọ́n gígùn sì yọ síta láàrin rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fún un lórúkọ Hibiscus rosa-sinensis, ìyẹn "róòsì ilẹ̀ Ṣáínà", bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo òdòdó ilá dáadáa, ẹ wo ti òwú, ẹ wo ti ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ojú ẹbí kan náà ni. Ẹbí ilá ni hibiscus, kò sí nǹkan kan láàrin òun àti róòsì.

Ìkejì ni èyí tí ìdí rẹ̀ wú bí iṣu tó yọ orí síta nínú ebè, tí òdòdó rẹ̀ sì rí bí fèrè, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Róòsì aṣálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Òkè Ọya níbi tí òjò kò ti pọ̀ ni ilé rẹ̀, oje rẹ̀ sì lóró débi pé àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ń fi ṣe oró ọfà. Inú ìdí tó wú yẹn ló ń tọ́jú omi pamọ́ sí de ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Ìkẹta ni róòsì gidi. Ẹ wo ewé rẹ̀: orí ọ̀pá tínínrín kan ni ewé kéékèèké márùn-ún tàbí méje ti ń jókòó, etí ewé kọ̀ọ̀kan sì ní eyín bíi ti ayùn. Ẹ̀gún rẹ̀ wà lára awọ igi lásán, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń já wẹ́rẹ́. Ibí yìí ni wàhálà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní róòsì aṣálẹ̀ á sọ fún yín pé ẹ má bomi rin ín rárá. Ẹni tó ní hibiscus á ní kò sí ohun tó ń pa á, ẹ ṣáà gbìn ín síbi tó bá wù yín. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ wá ní róòsì gidi, bí ẹ bá tẹ̀ lé wọn, ẹ ó sin ín.

Igi tí kì í sùn

Róòsì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ olóoru. Éṣíà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti àríwá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó wà. Níbẹ̀, òtútù á dé, ewé á wọ́, igi á sùn, bó bá jí, á tanná. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ róòsì Yúróòpù máa ń tanná. Àwọn ará Ṣáínà ló ní irú èyí tó ń tanná léraléra. Ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n sì fi bá ti wọn lò pọ̀. Lọ́dún 1867 ní ilẹ̀ Faransé ni èyí tí wọ́n sọ lórúkọ La France jáde, òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí baba ńlá irú èyí tó kún ọjà lónìí, tó ga, tó ń ru òdòdó ńlá kan ṣoṣo sórí ọ̀pá gígùn.

Ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà yẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wa láti ní róòsì ní Kogi. Kò fi dandan fẹ́ òtútù kó tó tanná. Àmọ́ igi tí kò sùn rárá a máa rẹ̀. Á ga gọ̀ǹgọ̀, á rí tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó rẹ̀ á máa kéré sí i. Níwọ̀n bí òtútù kò ti ní wá bá wa gé e, àwa fúnra wa la máa gé e.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ kí ọkàn yín má baà bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ róòsì tí ẹ ń rí nínú ọ̀rá nílé ìtajà òkè òkun, àgbègbè Naivasha ní Kẹ́ńyà ló ti ń wá, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ga ju òkun lọ ní mítà 1,800 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì náà ga. Òru ibẹ̀ tutù, òdòdó a sì rọra tóbi kó tó là. Òkúta àti òkè pọ̀ ní ilẹ̀ Òkun lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ wa kò ga tó bẹ́ẹ̀. Nínú ooru oṣù Kẹta, róòsì yín lè là láàárọ̀, kó ti ṣí tán lọ́sàn-án, kó sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Kò ṣàìsàn. Ooru ni.

Kíka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo àlàyé yìí nìyí: láti ọjọ́ tí ẹ bá gé róòsì sí ọjọ́ tó máa tanná, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó ní Kérésì kò gbọ́dọ̀ gbin igi ní oṣù Kejìlá. Kó ti gbìn ín láti oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò ti rìn jìnnà kí ọyẹ́ tó dé. Kó wá gé e ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Láti ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, bí ẹ bá ka ọ̀sẹ̀ méje padà sẹ́yìn, ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá lẹ máa já sí. Lásìkò yẹn, òjò ti ń ká lọ ní tiwa, àrùn ewé tí òjò ń mú wá sì ń dínkù. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn gígé á mọ́ tónítóní. Bí ìnáwó yín bá jẹ́ ti Àjíǹde, tàbí ìgbéyàwó ọmọ, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn bákan náà. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ẹ má retí kí ewé mọ́ tó ti Kérésì.

Ẹ̀rù gígé ló ń ba àwọn èèyàn. Mo mọ ìyá kan tó ní òun kò lè gé ohun tó yè, ó dà bí ẹni ń gé ìka ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Sísọ́ọ̀sì tó mú ni kí ẹ lò, kì í ṣe àdá, torí àdá a máa fọ́ igi náà lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ mú èyí tó ti kú kúrò, tó ti gbẹ tàbí tó ti di dúdú. Ẹ mú ẹ̀ka tó ń ha ara ẹ̀ka ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò, àti gbogbo tínínrín tí kò nípọn tó pẹ́ńsù. Ẹ̀ka mẹ́ta sí márùn-ún tó lágbára ni kó ṣẹ́ kù. Ẹ wá gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lókè wọn.

Ibi tí ẹ ti máa gé e ṣe pàtàkì. Níbi tí ewé ti yọ lára igi, ojú kékeré kan wà níbẹ̀, ó dà bí ojú iṣu tó fẹ́ hù. Ẹ wá ojú tó kọ iwájú síta, kì í ṣe èyí tó kọ iwájú sáàrin igi. Òkè ojú yẹn díẹ̀, ìwọ̀n ìdajì sẹ̀ńtímítà, ni kí ẹ ti gé e, kí ẹnu gígé náà dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn ojú, kí omi má baà ṣàn lé e lórí. Ojú yẹn ni ẹ̀ka tuntun ti máa jáde, ìta ló sì máa gbà lọ. Àárín igi á ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á lè gba ibẹ̀ kọjá.

Fídíò òyìnbó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ni ní gígé róòsì. Wọ́n á ní kí ẹ gé e dé bí ilẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń lọ. Igi tiwọn ti ń sùn, oúnjẹ rẹ̀ wà nípamọ́ nínú gbòǹgbò. Tiwa kò sùn, ara ewé àti ẹ̀ka ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ẹ bá gé e dé ilẹ̀, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó.

Láàrin gígé ńlá kan sí èkejì, ohun tó kù ò ju pé kí ẹ máa gé òdòdó tó bá ti rẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ó máa so èso kékeré bí àgbálùmọ̀ ọmọ ọ̀bọ, igi náà á sì gbà pé iṣẹ́ òun ti parí. Bí ẹ bá gé e, á tún gbìyànjú.

Igi méjì nínú ọ̀kan

Mo ní n ó padà sórí róòsì mi kẹta. Ẹni tó bá ní oko ọsàn máa tètè lóye èyí. Ọsàn mímu tí a ń rà fún gbígbìn, igi méjì ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òroǹbó kíkan tí gbòǹgbò rẹ̀ le, òkè rẹ̀ ni wọ́n wá fi ojú ọsàn mímu lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn dàgbà, ọsàn kíkan ẹlẹ́gùn-ún lẹ máa ká.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ róòsì tí wọ́n ń tà. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ti róòsì igbó tó ń hù wàràwàrà, òkè rẹ̀ ni òdòdó ńlá tí ẹ rí tí ẹ fi san owó. Ẹ wo ìdí igi náà, ẹ ó rí ibì kan tó yọ kókó bí ìkúùkù ọmọdé. Ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tó bá yọ lókè kókó yẹn, tiyín ni. Èyí tó bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ti àjèjì ni, àjèjì yẹn sì lágbára ju onílé lọ. Èmi kò mọ̀. Mo rí ẹ̀ka tuntun tó ga, tó yọ láti inú ilẹ̀, mo yọ̀, mo fi ajílẹ̀ kún un. Láàrin ọdún kan, ó ti gba gbogbo oúnjẹ, róòsì pupa tí mo rà ti kú sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ewé kéékèèké orí ọ̀pá kan bá ti jẹ́ méje, ti igbó ni, bó bá jẹ́ márùn-ún, tilé ni. Ẹ má gbára lé e. Róòsì tilé púpọ̀ ń yọ ewé méje. Ibi tí ẹ̀ka náà ti wá nìkan ló ń sọ òótọ́: ẹ fi ọwọ́ wa ilẹ̀ tẹ̀ lé e títí ẹ ó fi rí orírun rẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ kókó ni, ẹ fà á ya kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá gé e pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lásán, ojú tó wà ní ìdí rẹ̀ á tún hu méjì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí lè gbin ẹ̀ka. Ẹ gé ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná tán lára róòsì aládùúgbò (ẹ kọ́kọ́ tọrọ o), kó nípọn bíi pẹ́ńsù, kó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ri ìdajì rẹ̀ sínú yanrìn tútù lábẹ́ ibòòji, kí ẹ sì fi ike omi tí ẹ gé ìdí rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, gbòǹgbò á ti yọ bó bá máa yọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yè. Tí mo bá ri mẹ́wàá, inú mi á dùn sí mẹ́rin. Irú èyí kò ní igi àjèjì kankan lábẹ́ rẹ̀.

Omi: ìdí ni, kì í ṣe orí

Nínú oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án, ìpè kan náà ni mo ń gbà: "Róòsì mi ti já gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀, ṣé ẹnì kan ló bú u ni?" Ẹ wo ewé tó wà nílẹ̀. Bí àmì dúdú roboto bá wà lára rẹ̀, tí etí àmì náà rí jàgajàga bí aṣọ tó ti fà ya, tí àyíká rẹ̀ sì pọ́n bí òróró, a ti mú olè náà. Ìran ohun tó ń hu lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni. Kó tó lè wọ inú ewé, ewé náà gbọ́dọ̀ wà ní tútù fún nǹkan bíi wákàtí méje léraléra. Ẹni tó bá wá bomi rin róòsì lórí ní ìrọ̀lẹ́ ti ṣe ibùsùn fún un títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Nítorí náà, àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, ìdí rẹ̀ sì ni kí omi dé. A kò lè dá òjò dúró, àmọ́ a lè gbin igi síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń tètè gbẹ ewé. Ìhà ìlà oòrùn ilé ló dára jù. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn máa ń fi ooru ọ̀sán se igi bí ẹ̀fọ́. Kí oòrùn máa ràn án fún wákàtí mẹ́fà, kí igi kan sì jìnnà sí èkejì tó ìgbésẹ̀ kan, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè. Ewé tó bá ti ní àmì, ẹ ṣà á, ẹ jó o. Ẹ má kó o sórí ajílẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀tàn omi tún yàtọ̀. Ọmọ tí ẹ ní kó máa bomi rin ín á máa wọ́n ife omi kan sí i lójoojúmọ́, ojú ilẹ̀ á tutù, inú rẹ̀ á gbẹ táútáú. Gbòǹgbò á wá máa gòkè wá omi, oòrùn á sì pa á. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ẹ rọra dà sí ìdí rẹ̀, sàn ju ife kan lójúmọ́ lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ bí a ṣe ń dé ebè iṣu, kí ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí ara igi tó ìbú ọwọ́ kan, torí ikán ilẹ̀ wa kò níwà: bí koríko bá kan igi, wọ́n á gba orí koríko bọ́ sórí igi.

Ohun tí bíríkìlà fi sílẹ̀

Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì tuntun ni gbogbo wa ń fẹ́ gbin òdòdó sí, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn bíríkìlà ti po sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n fọ páànù, tí wọ́n da èérún búlọ́ọ̀kù sí. Sìmẹ́ǹtì a máa sọ ilẹ̀ di ohun tí róòsì kò lè jẹ. Irin tí igi fi ń ní àwọ̀ ewé wà nínú ilẹ̀ náà, àmọ́ kò ní lè fà á. Àmì rẹ̀ nìyí: ewé tuntun á pọ́n, iṣan rẹ̀ á ṣì wà ní àwọ̀ ewé, bí àwòrán odò lórí máàpù. Àwọn èèyàn á rò pé ebi ń pa á, wọ́n á da fatiláísà sí i, kò sì ní yí padà. Ẹ wa ihò tó jìn tó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 45, ẹ kó gbogbo pàǹtí ilé kíkọ́ yẹn dànù, ẹ fi ilẹ̀ dúdú láti oko dípò rẹ̀, kí ẹ po ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà mọ́ ọn. Ìgbẹ́ adìyẹ náà dára, bó bá ti pẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò.

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ pọn omi kún ihò náà lálẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ wá ibòmíràn tàbí kí ẹ mọ ilẹ̀ ga bí ebè. Ilẹ̀ pupa wa tó lẹ̀ máa ń di omi mú bí ìkòkò, róòsì kò sì lè dúró sínú omi.

Ní ti oúnjẹ, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣíbí ìjẹun kan NPK 15-15-15 yí ìdí rẹ̀ ká, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn gígé, kí omi tẹ̀ lé e. Òdòdó yẹ́lò tó jọ sunflower kékeré, tó ń bo ẹ̀bá ọ̀nà wa nígbà tí òjò bá ń tán lọ, ewé rẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ ọ̀fẹ́: ẹ gé e kó tó so, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí igi kó jẹrà síbẹ̀. Ẹ yẹra fún yúríà. Ewé ló máa fún yín, kò ní fún yín ní òdòdó.

Kòkòrò ọyẹ́ náà wà. Bí ewé bá ń ṣí bí ẹni pé wọ́n bu eruku sí i, tí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà tí ẹ rí òwú tínínrín bíi ti aláǹtakùn àti ohun pupa tí kò tó orí abẹ́rẹ́ tó ń rìn, omi ni òògùn rẹ̀. Ẹ fi omi tó lágbára fọ ẹ̀yìn ewé náà láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ọyẹ́, ewé kì í pẹ́ gbẹ, ẹ má bẹ̀rù àmì dúdú. Fún tata àti àwọn ajẹwé yòókù, omi ewé dóńgóyárò tí ẹ gún, tí ẹ rẹ mọ́jú, tí ẹ sì sẹ́ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Fún ewúrẹ́, fẹ́ǹsì ni.

Àwọn tí kò ní yọ yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀

Bí ẹ kò bá sí nílé láti oṣù Kìíní dé Ìkọkànlá, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi róòsì mọ sí ọ̀kan tàbí méjì, kí ẹ gbin bougainvillea sí yòókù. Òun ni ọyẹ́ ń bá lára mu. Ohun aláràbarà tí ẹ rò pé òdòdó rẹ̀ ni, ewé ni. Òdòdó gan-an ni ohun funfun kékeré tó wà láàrin wọn. Òùngbẹ ló ń mú un tanná. Ẹni tó bá ń bomi rin ín dáadáa á ní ewé ṣáá, á sì máa bi mí pé kí ló ṣe é.

Ixora dára fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àmọ́ kò fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì rárá, ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ sì ni òdòdó ti ń yọ. Bí ẹni tó ń bá yín ṣọ́lé bá ń gé e kó lè dọ́gba ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, òdòdó ló ń gé dànù. Hibiscus náà bẹ́ẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kan kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, torí náà ẹ má kà á sí àrùn bó bá ń já lálaalẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pèrègún àti akòko tí àwọn baba wa ti ń gbìn kí ọ̀rọ̀ fúláwà tó dé. Òdòdó akòko rẹwà púpọ̀, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ọ̀rọ̀ oyè nìkan la ti ń rántí rẹ̀.

Oleander ni mo kọ̀ fún ẹni tó bá ní ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn. Ó rẹwà, ó sì ń fara da ọ̀dá, àmọ́ ewé, igi àti òdòdó rẹ̀ ló lóró, ó lè dá ọkàn ẹ̀dá dúró. Allamanda oníyẹ́lò àti róòsì aṣálẹ̀ tí mo dárúkọ níṣàájú náà, ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá gé wọn.

Bí ẹ bá ti wá ka ọ̀sẹ̀ yín dáadáa, tí òdòdó sì ti dé ní àárọ̀ Kérésì, kí oòrùn tó yọ ni kí ẹ gé e. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó ti ṣí tán. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání lọ sínú ọgbà, kí ẹ rì í sínú omi lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá gé e. Ẹ já gbogbo ewé tó máa wà nínú omi fáàsì, kí ẹ pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Lórí tábìlì, ẹ má gbé e ti àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Èso tó pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí imú wa kò lè gbọ́, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yòókù pọ́n, òun náà ló sì ń mú òdòdó tètè darúgbó. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.